Mo Fi Jebiwott Fa Eré fún Ọmọ Mi

Bí ẹ bá ka ìtàn yìí tán, ẹ má ṣàánú mi. Mi ò wá tọrọ àánú. Mo kàn fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu èmi fúnra mi, nítorí pé ní gbogbo òkè Nandi níbí, wọ́n ti sọ ọ́ títí wọ́n fi bu iyọ̀ sí i, wọ́n sì tún bu ata lé e. Síbẹ̀, èyí tó burú jù nínú rẹ̀ ni wọn kò mọ̀.

Olùkọ́ ìṣirò ni mí, ṣùgbọ́n eré sísá ni wọ́n fi mọ èmi Jelagat. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi kọ́ àwọn ọmọbìnrin ilé ẹ̀kọ́ girama wa ní eré ọ̀nà jíjìn. Láti oṣù kìíní títí di oṣù kẹrin, àsìkò ìdíje, ọmọ tó bá wà lábẹ́ mi kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní oorun ìdájí. Tó bá di aago márùn-ún ààbọ̀, a ti wà lójú ọ̀nà oníyẹ̀pẹ̀ pupa, òtútù á máa ta wá létí. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, a ń gun òkè. Ọjọ́bọ̀, a ń yí pápá po. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, a óò sáré láti ilé ẹ̀kọ́ dé ilé iṣẹ́ tíì, a óò sì tún sáré padà, ẹni tó bá sì fẹsẹ̀ rìn nínú wọn á fojú rí èmi náà.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ọmọ méjì ló ta àwọn yòókù yọ.

Àkọ́kọ́ ni Chemeli, ọmọ bíbí inú mi. Ọmọ mi mọ eré sá, kí ẹ má baà rò pé ìgbín ni mo ń fi wọ ìdíje. Èkejì ni Jebiwott. Ìyá rẹ̀ ti kú, ìyá ìyá rẹ̀ ló tọ́ ọ dàgbà, arúgbó kan tí gbogbo wa ń pè ní Kogo, nínú ilé kékeré kan lẹ́bàá oko tíì. Bàtà tí Jebiwott fi ń sáré, èmi ni mo fún un. Àlòkù Chemeli ni.

Eré ẹgbẹ̀rún mẹ́ta mítà ni àwọn méjèèjì ń sá, yípo méje ààbọ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ààbọ̀ ni Jebiwott fi ń parí rẹ̀. Chemeli máa ń fi sẹ́kọ́ǹdù méjìdínlógún pẹ́ jù ú lọ. Ẹni tó bá mọ eré á mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe kékeré. Ní ìgbà tí Chemeli bá fi máa dé, Jebiwott á ti máa tú okùn bàtà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ àṣà wa kan fún yín. Lórí òkè wa, a kì í dá sáré. Ẹnì kan á bọ́ síwájú, á fi àyà gba atẹ́gùn, á máa fa àwọn yòókù lẹ́yìn rẹ̀. Fífa eré là ń pè é. Bí o bá fa ẹlòmíì lónìí, wọ́n á fa ìwọ náà lọ́la. Kò sẹ́ni tó ń bèèrè ìgbà tó máa kan òun, nítorí ó dá a lójú pé á kàn án. Àṣà dáadáa yìí gan-an ni mo fi dalẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kìíní ni Sawe wá sílé mi. Ọmọ àdúgbò wa ni, ó ti pẹ́ tó ti ń kọ́ àwọn eléré ní yunifásítì kan l'Amẹ́ríkà. Mo gbé tíì fún un. Kò tíì mu ún dé ìdajì tó fi sọ ohun tó gbé e wá.

"Jelagat, àyè kan ṣoṣo ni mo ní lọ́dún yìí."

"Ọ̀kan péré? Nínú gbogbo Nandi?"

"Ọ̀kan péré. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ọdún mẹ́rin, oúnjẹ, ibùsùn, gbogbo ẹ̀ pátá. Mi ò lè dúró de ìdíje ẹkùn tó máa tẹ̀ lé ti àgbègbè o, baálù mi á ti gbéra. Ìdíje àgbègbè ní Kapsabet ni màá wò. Ọmọ tó bá ṣe ipò kìíní nínú ẹgbẹ̀rún mẹ́ta mítà, òun ni màá mú. Bá mi sọ fún àwọn ọmọ ẹ, kí wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń sáré lé."

"Màá sọ fún wọn."

Mi ò sọ fún ẹnì kankan.

Nígbà tó lọ tán, mo fọ ife rẹ̀, mo tún un fọ̀, mo tún tún un fọ̀. Ẹ̀gbẹ́ àwo ni mo dúró sí tí mo ti ń dá ara mi lẹ́jọ́, tí mo sì ń dá ara mi láre. Bàbá Chemeli ń gbé Nakuru pẹ̀lú ìyàwó mìíràn. Gbogbo ìgbà tó bá pè mí lórí fóònù, ohun kan náà ló ń sọ: "Máa sá ọmọ yẹn kiri bí ewúrẹ́, ẹ máa tó débi tẹ́ ẹ̀ ń lọ." Mo fẹ́ kó gbọ́ pé Amẹ́ríkà la dé. Mo fẹ́ ẹ débi pé ó ń dùn mí nínú egungun. Mo wá sọ fún ara mi pé Jebiwott lágbára, Ọlọ́run á ṣí ọ̀nà mìíràn fún un. Ẹ wo bí mo ṣe ń fi Ọlọ́run ṣe ọmọ iṣẹ́.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀ lé e, mo pe Jebiwott sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́yìn eré.

"O mọ̀ pé ìwọ lo lágbára jù nínú gbogbo wọn."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ń wolẹ̀. "Háà, Màdáámù, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

"Gbọ́ mi. Ìdíje Kapsabet yẹn ò já mọ́ nǹkan kan. Ẹni mẹ́ta àkọ́kọ́ ló máa lọ sí ìdíje ẹkùn, ibẹ̀ sì ni àwọn tó ń mú ọmọ lọ sókè òkun ti máa ń wá wò. Mi ò fẹ́ kó o ná ara ẹ tán sí Kapsabet. Fa Chemeli fún yípo márùn-ún, kó o wá dẹ ẹsẹ̀, kó o ṣe ipò kẹta."

"Kẹta péré, Màdáámù?"

"Kẹta ti tó. Tó bá di ìdíje ẹkùn, Chemeli ló máa fa ìwọ."

"Ṣé lóòótọ́?"

"Ṣé mo ti purọ́ fún ẹ rí ni?"

"Rárá o, Màdáámù."

Òótọ́ ló sọ. Títí di ọjọ́ yẹn, mi ò purọ́ fún un rí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko ni mo fi kọ́ ọ. Yípo kan, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin, márùn-ún, Chemeli á wà lẹ́yìn rẹ̀ gbágbágbá. Tí yípo karùn-ún bá ti pé, Jebiwott á wẹ̀yìn wò bóyá Chemeli ti múra tán, á dẹ ẹsẹ̀, á yà fún un. Bó bá gbàgbé, màá pariwo mọ́ ọn. Bó bá rántí, màá yìn ín. Ọmọ náà fẹ́ràn kí n yin òun ju oúnjẹ lọ, bẹ́ẹ̀ ni ugali, òkèlè àgbàdo inú ilé ẹ̀kọ́, kì í sì í yó o.

Chemeli gan-an fura. Lọ́jọ́ kan tí a jọ ń lọ sílé, ó ní, "Màámi, kí ló dé tí Jebiwott fi ń dúró ní yípo karùn-ún? Kò rẹ̀ ẹ́ rárá, mo ń gbọ́ èémí ẹ̀."

"Ta ni kóòṣì, èmi àbí ìwọ?"

"Ẹ̀yin ni. Mo kàn ń bèèrè ni."

"Má bèèrè mọ́. Sáré."

Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wa, Ìyáàfin Chumo, náà bi mí léèrè. "Jelagat, mo gbọ́ pé Sawe ń bọ̀ wá wò wọ́n ní Kapsabet. Ṣé àwọn ọmọ mọ̀?"

"Wọ́n mọ̀ dáadáa, mà."

Irọ́ kì í dá gbé ilé. Ó ti lọ mú àbúrò ẹ̀ wá.

Èyí tó tilẹ̀ ń bà mí lọ́kàn jẹ́ jù ni Kogo. Gbogbo ọjọ́ Àìkú, arúgbó yìí á fẹsẹ̀ rìn wá sílé mi pẹ̀lú wàrà nínú agbè. "Tíṣà, ẹ ṣeun tí ẹ̀ ń bá mi di ọmọ mi mú. Ọlọ́run á bá yín di tiyín náà mú." Màá ní àmín. Màá sì mu wàrà náà. Kò há mi lọ́fun.

Ọjọ́ Kapsabet pé. Èrò pọ̀ lórí pápá. Sawe dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, aago lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n fọn fèrè, Jebiwott sì bọ́ síwájú. Ẹ̀yin èèyàn, ọmọ yẹn sáré! Ní yípo kẹta, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ yòókù ti di èrò ẹ̀yìn. Òun àti Chemeli nìkan ló kù níwájú. Sawe ń mi orí, ó ń wo aago, ó tún ń wo Jebiwott.

Yípo karùn-ún pé. Jebiwott wẹ̀yìn wò, ó dẹ ẹsẹ̀, ó yà. Chemeli kọjá. Ọmọ kan láti ilé ẹ̀kọ́ mìíràn tún sáré kọjá rẹ̀ nígbà tó yá. Jebiwott ṣe ipò kẹta, ó ń rẹ́rìn-ín. Òun ni mo kọ́kọ́ wò bó ṣe wọlé, kí n lè rí i dájú pé ó ṣe é bí mo ṣe wí.

"Kí ló ṣe ọmọ tó fa eré yẹn?" Sawe ló bi mí.

"Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Á bẹ̀rẹ̀ dáadáa, á sì rẹ̀ ẹ́ nígbà tó bá kù díẹ̀."

"Ó mà ṣe o. Ẹsẹ̀ ẹ̀ dáa gan-an."

"Ẹsẹ̀ nìkan kọ́," ni mo dá a lóhùn. "Ọkàn ló ń sáré." Mo sọ bẹ́ẹ̀ nípa ọmọ tó ní ọkàn ju gbogbo wa lọ.

Ní ọjọ́ Ajé, gbogbo ilé ẹ̀kọ́ péjọ sórí pápá. Ẹni tó bá ti ibi ìdíje gbé orúkọ rere bọ̀, mursik la fi ń pàdé rẹ̀, wàrà kíkan inú agbè. Ìyáàfin Chumo ti ránṣẹ́ sí Kogo pé kó gbé tirẹ̀ wá, nítorí kò sí agbè tó mọ́ bíi tirẹ̀ ní gbogbo àdúgbò. Kogo dé tayọ̀tayọ̀, ó wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Ó ń sọ fún àwọn olùkọ́ pé, "Ọmọ tèmi ló fa eré yẹn o! Ká ní kò fà á ni, ẹ ò bá rí nǹkan!" Àwọn olùkọ́ ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ó gbé agbè fún Chemeli. Sawe bọ́ síwájú kó tó mu ún.

"Ẹ̀yin ọmọ, mo ti sọ ọ́ láti oṣù kìíní pé ẹni tó bá ṣe ipò kìíní ní Kapsabet ni mò ń mú lọ sí Amẹ́ríkà. Chemeli, ìwọ ni!"

Pápá hó yèè. Jebiwott náà ń pàtẹ́wọ́. Àmọ́ mo rí i tí àtẹ́wọ́ náà ń falẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí ó fi dúró. Ó nawọ́ sókè bí ìgbà tó bá wà nínú kíláàsì.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ìdíje ẹkùn kọ́ lẹ máa wò ni?"

"Ìdíje ẹkùn kẹ̀? Mi ò ní sí nílẹ̀ yìí nígbà yẹn."

"Ṣùgbọ́n Màdáámù ní..."

Ó yíjú sí mi. Ẹ̀yin òǹkàwé, kò bínú. Ká ní ó bínú ni, ó ṣeé fara dà. Ó ń dúró ni kí n ṣàlàyé. Ó dá a lójú pé mo ní àlàyé.

"Kí ni Màdáámù ní?" Sawe bi í.

"Wọ́n ní kí n fa Chemeli fún yípo márùn-ún, kí n wá dẹ ẹsẹ̀. Wọ́n ní ó máa kàn mí ní ìdíje ẹkùn, pé ibẹ̀ lẹ máa ti wò wá."

Ìyáàfin Chumo yọ awò ojú rẹ̀. "Jelagat, o sọ fún mi pé àwọn ọmọ mọ̀."

Ẹgbẹ̀ta ọmọ ló wà lórí pápá yẹn, gbogbo wọn ló ń wò mí.

Chemeli ṣì di agbè mú. "Màámi, ṣé ẹ mọ̀?"

Ṣé ẹ mọ ohun tí mo sọ? Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà láyé, ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé, "Chemeli, mu wàrà ẹ."

"Ṣé ẹ mọ̀ pé Kapsabet ni?"

"Torí tìẹ ni mo ṣe ṣe é."

"Mi ò rán yín!" Igbe ló ké. "Mo bi yín! Mo bi yín lójú ọ̀nà, ẹ ní kí n má bèèrè!"

Ó gbé agbè kalẹ̀ níwájú Jebiwott. Jebiwott kò fọwọ́ kàn án. Kogo ló rọra wá, ó gbé e, ó dé e, ó gbé e há abíyá. Láti ọdún mẹ́rin, Tíṣà ló ń pè mí. Lọ́jọ́ yẹn, ó pe orúkọ mi gangan.

"Jelagat, ṣé mo ṣẹ̀ ọ́ ni?"

"Kogo, ẹ dákun..."

"Mo ní ṣé mo ṣẹ̀ ọ́? Tó bá ṣe pé mo ṣẹ̀ ọ́ ni, màá mọ ibi tí màá gbé ọ̀rọ̀ yìí kà."

Ó fa ọmọ ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n lọ.

Ohun tó yé àwọn ará àdúgbò kò ju èyí lọ. Ẹ wá gbọ́ ìyókù.

Chemeli ní òun ò lọ sí Amẹ́ríkà kankan. Ó kù ọjọ́ mẹ́rin kí Sawe wọ baálù. Ìyáàfin Chumo bẹ Sawe nítorí Jebiwott títí ó fi gbà. Ó ní, "Kó wá sá a níwájú mi ní Eldoret lọ́jọ́ Ẹtì. Tó bá ṣe ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ààbọ̀, àyè yìí ti di tiẹ̀." Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ààbọ̀! Ohun tí Jebiwott ń sá lójoojúmọ́ ayé ni. Inú mi dùn débi pé mo sunkún. Mo ní Ọlọ́run ti bá mi tún un ṣe.

Wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ débẹ̀. Mo wọ ọkọ̀ matatu, mo lọ fara pa mọ́ sẹ́yìn ọgbà.

Àwọn ọmọ Eldoret mẹ́ta ló bá a sáré. Jebiwott fi wọ́n sílẹ̀ láti yípo àkọ́kọ́. Mo ní aago tèmi lọ́wọ́. Yípo kejì, ó dáa. Yípo kẹrin, ó yá ju bó ṣe yẹ lọ. Mo ń sọ ọ́ sínú pé, "Máa lọ, ọmọ mi, máa lọ."

Yípo karùn-ún pé. Jebiwott wẹ̀yìn wò. Ẹsẹ̀ rẹ̀ dẹ̀. Ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tí kò sí níbẹ̀.

"Sáré! Kí lò ń dúró dè?" Sawe ń pariwo.

Ó ta gìrì, ó tún gbéra. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti já eré mọ́ ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀ kò lè so ó padà bọ̀rọ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ku sẹ́kọ́ǹdù mẹ́rin ló fi parí rẹ̀. Ó dùbúlẹ̀ sórí koríko, mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ẹ̀yìn ọgbà: "Mi ò mọ ohun tó ṣe mí, sà. Ẹ jẹ́ kí n tún un sá. Mi ò mọ ohun tó ṣe mí."

Èmi mọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi kọ́ ẹsẹ̀ yẹn pé ibẹ̀ ló parí sí.

"Ọmọ mi," Sawe sọ fún un, "aago kì í gbọ́ ẹjọ́." Ọmọ kan láti Marakwet ló mú lọ.

Àìsàn dá Jebiwott dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, wọ́n sì lọ sí ìdíje ẹkùn láìsí i. Ọdún àṣekágbá rẹ̀ nílé ẹ̀kọ́ nìyẹn, kò sí àsìkò mìíràn. Wọ́n gba eré sísá lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé mi lọ sí ilé ẹ̀kọ́ mìíràn tí kò ní pápá. Chemeli di ẹrù rẹ̀, ó lọ bá bàbá rẹ̀ ní Nakuru. Bàbá náà pè mí lórí fóònù lọ́jọ́ tó dé, ó ń rẹ́rìn-ín. "Jelagat, ewúrẹ́ ẹ ti wálé o." Chemeli kò gbé fóònù mi títí di òní.

Ó gbà mí ní oṣù mẹ́rìnlá kí n tó lè lọ wo ojú Jebiwott. Inú oko tíì ni mo bá a, apẹ̀rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń já ewé pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ó ti sanra díẹ̀. Kò sáré mọ́. Ó rí mi, ó sì kúnlẹ̀ kí mi, bó ṣe máa ń ṣe tẹ́lẹ̀. Mo rò pé ilẹ̀ á lanu gbé mi mì.

"Jebiwott, mo wá bẹ̀ ẹ́ ni."

"Ẹ má bẹ̀ mí, Màdáámù. Mo ti gbọ́." Ó dìde, ó gbọn erùpẹ̀ orúnkún rẹ̀. "Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bi yín. Àwọn èèyàn ń sọ pé ẹ̀rù ló bà mí ní Eldoret, pé ká tiẹ̀ ní ẹ jẹ́ kí n sáré ní Kapsabet, Chemeli á ṣì borí mi. Èmi náà ti ń rò ó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin lẹ mọ bí mo ṣe ń sáré. Màdáámù, ṣé mo lè ti ṣe ipò kìíní?"

Mo rò ó wò. Mo mọ̀ pé tí mo bá purọ́ pé kò lè borí rárá, ara á tù ú, ó sì yá mi lẹ́nu. Ṣùgbọ́n mo ti purọ́ fún ọmọ yìí tó.

"Bẹ́ẹ̀ ni," mo ní. "Pẹ̀lú sẹ́kọ́ǹdù méjìdínlógún. Kò sí ọjọ́ kan tí mi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀."

Ó tún apẹ̀rẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ gbé dáadáa, ó sì padà sídìí ewé rẹ̀.

"Ká ní ẹ lè purọ́ fún mi lẹ́ẹ̀kan sí i," ló wí.